Ìbọn Tí Mo Fẹ́ Gbé Kọ́ Ara Ògiri

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ yìí kì í ṣe wáàsí, nítorí pé èmi kì í ṣe àlùfáà. Tíṣà ni mí, ẹ̀kọ́ ìtàn ni mo sì fi ọdún mẹ́rìnlélógún kọ́ àwọn ọmọ yín ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní Abẹ́òkúta níbí. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí èmi gan-an ni mo fẹ́ rò fún yín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ń tì mí díẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kan báyìí, irin tí ó gbé gẹ́ẹ̀tì ilé mi dúró já. Mo gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ kan tí ilé arọ rẹ̀ wà ní ọ̀nà Ọ̀dẹ̀dá. Bàbá náà mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Ọkọ́ ni, àdá ni, pàkúté ni, kò sí èyí tí kò lè rọ. Bí mo ti jókòó tí mo ń retí kí irin mi pọ́n nínú iná, ojú mi lọ sí igun kan, mo rí ìbọn kan tí wọ́n fi àpò sìmẹ́ǹtì bò dé ìdajì. Kì í ṣe ṣakabùlà tí gbogbo wa mọ̀ mọ́ àwọn ọdẹ lọ́wọ́. Ìbọn gígùn ni, igi pupa tí wọ́n fá tí ó ń dán ni ó bo ọ̀pá rẹ̀ láti ìdí títí ó fi kù díẹ̀ kí ó dé ẹnu. Awọ ìgbékọ́ èjìká wà lára rẹ̀. Lórí rẹ̀, wọ́n de ọ̀pá irin kúkúrú kan mọ́ ọn tí wọ́n fi dígí sí níwájú àti lẹ́yìn, bí awò tí ènìyàn fi ń wo ohun tí ó wà ní ọ̀nà jíjìn.

Ẹ má gbàgbé pé tíṣà ìtàn ni mo pe ara mi. Mo mọ ohun tí mo rí. Ẹ̀dà ìbọn Lee-Enfield ni, irú èyí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Èyí tí wọ́n de awò mọ́ lórí yìí kì í ṣe ti gbogbo ọmọ ogun. Nígbà náà lọ́hùn-ún, wọ́n máa ń ṣa àwọn ìbọn tí ọta wọn kì í yà sọ́tọ̀, wọn a kó ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ sí ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ Holland & Holland ní ìlú Òyìnbó kí wọ́n lè bá wọn de awò náà mọ́ ọn. Ẹni tí ojú rẹ̀ mú jù ni wọ́n ń fún. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó lọ ba sínú igbó láìmira, títí yóò fi rí ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn ọ̀tá láti òkèèrè, kí ó sì fi ọta kan ṣoṣo parí rẹ̀.

Alágbẹ̀dẹ rí i pé ojú mi kò kúrò níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn onífíìmù kan ni wọ́n mú àwòrán rẹ̀ wá pé kí òun bá wọn ṣe irú rẹ̀. Wọ́n san díẹ̀ nínú owó, wọ́n lọ, wọn kò sì padà wá mọ́. Ó ní bí mo bá fẹ́ ẹ, kí n mú ₦150,000 wá. Mo bi í bóyá ó ń yìn. Ó fín ẹwìrì rẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹta kí ó tó dá mi lóhùn.

“Tíṣà, bí ẹ bá fẹ́ kí ó dákẹ́ sára ògiri, yóò dákẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó fọhùn, iṣẹ́ ọjọ́ méjì péré ni.”

Ó yẹ kí n ti dìde níbẹ̀ kí n máa lọ ilé mi. Ṣùgbọ́n owó wà nínú àpò mi tí mo fẹ́ fi ra bátìrì ọkọ̀. Mo ka ₦30,000 fún un, mo ní kí ó bá mi tọ́jú ìbọn náà di ìparí oṣù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín. Àwòrán kan wà ní yàrá àgbà ní ilé ìyá mi ní Ìtòkò. Bàbá tí ó bí ìyá mi ni ó wà nínú rẹ̀, ó wọ kákí, ó dé fìlà ológun tí etí rẹ̀ fẹ̀, ó na ìbọn gígùn ró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí ó di ọ̀pá àṣẹ mú. Bàbá náà lọ sí Bọ́mà. Nígbà tí a wà ní kékeré, gbogbo àdúgbò ni ó ń pè wá ní ọmọ sójà. Bí ọmọ ẹlòmíràn bá lù wá, a ó sọ fún un pé bàbá wa àgbà ti pa àwọn ará Japan lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, kí ó ṣọ́ra. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mo wà nígbà tí ó papòdà. Ohun méjì péré ni mo rántí nípa rẹ̀: òórùn àgbo tí ó máa ń mu, àti fèrèsé ẹ̀yìn yàrá rẹ̀ tí a kò gbọ́dọ̀ ṣí. Fèrèsé náà kọjú sí orí àpáta àti igi tí ó wà lẹ́yìn ilé. Ooru ì báà mú tó bẹ́ẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, títì ni ó ń wà.

Nígbà tí mo rí ìbọn tí ó jọ ti inú àwòrán yẹn, ó dà bí ẹni pé bàbá náà ni ó rán an sí mi. Mo ti ń wo ibi tí n ó gbé e kọ́ sí ní pálọ̀, lápá òsì aago, kí àlejò tí ó bá wọlé lè bi mí léèrè, kí n sì lè sọ ìtàn. Ìgbéraga wà níbẹ̀, n kò ní purọ́ fún yín.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, mo sọ fún ìyàwó mi.

“Bàbá Ìbejì, ẹ ní kí lẹ fẹ́ rà?”

Mo tún un sọ.

“Ṣé kì í ṣe pé ibà ń ṣe yín? Ilé tí òjò ń wọ̀ láti ọdún tó kọjá, ìbọn lẹ fẹ́ gbé sí i?”

Mo sọ fún un pé ọmọ Ẹ̀gbá ni òun náà, pé kò yẹ kí ẹ̀rù ìbọn bà á, nítorí ìlú tí ìbọn gbà là ni ìlú wa. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní ìtàn bí ẹni pé ó wà ní kíláàsì mi. Ọdún 1830 ni àwọn baba wa wá sá sí abẹ́ Olúmọ nígbà tí ogun ti fọ́ ìlú wọn. Kò tó ọdún márùndínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn náà tí ọba Dàhòmì kó ogun dé, tọkùnrin tobìnrin, ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta 1851, ní apá Àrò. Ìbọn tí wọ́n ń rọ ẹ̀tù sí lẹ́nu ni àwọn baba wa fi dúró lórí odi. Wọ́n lé wọn padà. Ní 1864 wọ́n tún dé, a tún lé wọn. “Bí kò bá sí ìbọn lọ́jọ́ náà,” ni mo wí, “ẹrú Dàhòmì ni èmi àti ìwọ ì bá jẹ́.”

Ìyá Ìbejì gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó ní, “Ṣé Dàhòmì tún ń bọ̀ ni?” Ó sì wọlé lọ sùn.

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n oorun kò kùn mí lóru ọjọ́ náà, nítorí mo mọ̀ pé ìdajì ìtàn ni mo sọ fún un. Ìdajì kejì ni ti Ogun Adùbí ní 1918. Ìjọba Òyìnbó ti gba òmìnira Ẹ̀gbá ní 1914, wọ́n sì gbé owó orí dé ní ìbẹ̀rẹ̀ 1918. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, àwọn ará oko gbé ṣakabùlà wọn, wọ́n hú irin ojú ọ̀nà rélùwéè, wọ́n pa Ọ̀ṣilẹ̀ Òkè-Ọ̀nà. Ìjọba kó ọmọ ogun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ogun Jámánì dé láti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà lé wọn lórí. Ṣakabùlà tí ènìyàn ń dúró rọ ẹ̀tù sí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi pàdé ìbọn tí ń yìn léraléra. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni ó kú nínú àwọn ènìyàn wa. Ó yẹ kí ẹni tí ó ń fi ìtàn ra ìbọn máa rántí pé wọ́n sin àwọn wọ̀nyí náà.

Ní ọjọ́ Sọ́ńdè tí ó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn àsàlátù, mo fà sẹ́yìn pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n mi kan nínú ẹgbẹ́ tí ó ti ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá títí ó fi fẹ̀yìn tì. Mo bi í léèrè bí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Ó wò mí lójú, ó ní, “Ìwọ ni, àbí?” N kò lè sẹ́.

Ó jókòó, ó fi sùúrù là mí lọ́yẹ̀. Ó ní òfin ìbọn ọdún 1959, tí wọ́n tún tẹ̀ sínú àkójọ òfin orílẹ̀-èdè wa ní 2004, pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni àwọn tí kò tọ́ sí ẹnikẹ́ni àfi pẹ̀lú àṣẹ Ààrẹ: bọ́ǹbù, ìbọn arọ̀jò ọta, ìbọn ìléwọ́, àti ìbọn àwọn ológun. Èkejì ni ìbọn ọdẹ ìgbàlódé tí ń lo katiríìjì, èyí tí ènìyàn gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ rẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá àgbà àwọn ọlọ́pàá. Ẹ̀kẹta ni ṣakabùlà àti àwọn tí a ń rọ ẹ̀tù sí lẹ́nu. Òun náà ní ìwé tirẹ̀, bí ọ̀pọ̀ ará oko kò tilẹ̀ mọ̀.

Mo ní, “Ṣùgbọ́n ẹ̀dà lásán ni èyí, ẹ̀gbọ́n mi. Ara ògiri ni yóò wà.”

Ó ní, “Ohunkóhun tí ó bá ní ọ̀pá, tí nǹkan tí ó lè pa ènìyàn bá lè ti ẹnu rẹ̀ jáde, ìbọn ni lójú òfin. Kò bi ọ́ bóyá àtijọ́ ni tàbí tuntun, tàbí ẹni tí ó rọ ọ́. Kí ni alágbẹ̀dẹ sọ fún ọ? Ṣé ó lè fọhùn tàbí kò lè fọhùn?”

Mo dákẹ́.

Ó ní bí ó bá lè fọhùn, tí n kò sì ní ìwé, òfin 1984 lórí ìdigunjalè àti ìbọn ni yóò mú mi: owó ìtanràn ₦20,000, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ní dín ní ọdún mẹ́wàá, tàbí méjèèjì. (Mo rò ó nínú ọkàn mi pé ìtanràn náà kò tó owó tí mo ti san sílẹ̀. Ṣùgbọ́n adájọ́ ni yóò mú èyí tí ó bá wù ú, kì í ṣe èmi.) Ó ní bí kò bá tilẹ̀ lè fọhùn, kí n bi ara mi léèrè ohun tí olè lè fi í ṣe bí ó bá wọ ilé mi jí i gbé. Ẹni tí wọ́n na ìbọn sí lóru kò ní sọ pé kí wọ́n dúró kí òun yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ń yìn. Ní ìlú Òyìnbó pàápàá, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń fi owó ńlá ra ẹ̀dà ìbọn àtijọ́ bí ohun ọ̀ṣọ́, ìjọba ṣe òfin ní 2006 láti dí títa àwọn ẹ̀dà tí ó bá jọ ti gidi jù lọ́nà. Ìyẹn ni mo kà fúnra mi lẹ́yìn náà.

Ẹ má rò pé mo ti gbà. Ọkàn ọmọ ènìyàn le. Mo ń sọ lọ́kàn mi pé n ó ní kí alágbẹ̀dẹ fi irin dí ẹnu rẹ̀ pátápátá, kí ó lẹ̀ ẹ́ pa, kí ó má lè fọhùn títí ayé.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, ní ọ̀sán Sátidé, mo jáde sí ẹ̀yìn ilé láti ṣe àlùwàlá fún Àyìlà. Mo rí Táíwò tí ó dojú bolẹ̀ lẹ́yìn táǹkì omi. Ó di ojú kan, ó na ọ̀pá ìgbálẹ̀ síwájú, kò mira rárá. Mo wo ibi tí ó ń wò. Kẹ́hìndé ni ó ń ti ìdí kànga bọ̀ pẹ̀lú korobá omi lórí. Kò rí arákùnrin rẹ̀. Táíwò ṣe “pàà!”, ó sì kígbe pé òun ti pa á. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n. Wọ́n ti gbọ́ gbogbo ohun tí mo sọ fún ìyá wọn lálẹ́ ọjọ́ náà.

N kò lù ú. Kí ni n ó tìtorí rẹ̀ lù ú? Èmi ni mo kọ́ ọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ ilé kéwú mọ ọ̀rọ̀ Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, tí ó wà nínú Bukhari àti Muslim, níbi tí ó ti kọ̀ fún wa pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe na ohun ìjà sí ọmọ ìyá rẹ̀, nítorí pé kò mọ̀ bóyá Ṣàítánì yóò gbà á ṣe lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àlùfáà tó ìgbà ogún. Ọjọ́ náà ni mo tó mọ̀ pé ọ̀pá ìgbálẹ̀ lè wà nínú rẹ̀.

Ó tún rán mi létí ohun tí mo ti tì sẹ́yìn tipẹ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mo wà nígbà tí àgbà ọdẹ kan kú ní abúlé bàbá mi. Àwọn ọdẹ ń yìnbọn ẹ̀yẹ gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn. Àbúrò bàbá mi kì í ṣe ọdẹ, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí wọ́n rí òun. Ó gba ṣakabùlà lọ́wọ́ ẹnì kan tí ó sọ fún un pé ẹ̀tù díẹ̀ ni ó wà níbẹ̀. Ìbọn náà bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìka mẹ́ta ni ó lọ nínú ọwọ́ òsì rẹ̀. Ó jẹ́ télọ̀ kí ọjọ́ náà tó dé.

Síbẹ̀, mo sọ fún ara mi pé ti àwòrán bàbá ṣì wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tí a kírun tán ní mọ́ṣáláṣí gbogboogbò Ẹ̀gbá ní Kóbìtì, mo gba Ìtòkò lọ sọ́dọ̀ ìyá mi. Àlhájà ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ pé ju tèmi lọ. Mo dọ̀bálẹ̀, mo jókòó, mo sọ fún un pé mo fẹ́ gbé ìbọn bàbá kọ́ sílé mi.

“Ìbọn bàbá wo?”

“Bàbá yín, Màmá. Èyí tí ó wà nínú àwòrán.”

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, “Ọmọ mi, bàbá mi kò yìnbọn rí. Ẹrù ni ó rù.”

Ó ní ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ni ó yá a ní ìbọn náà pé kí ó mú un dání kí àwòrán lè dára. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún ni iṣẹ́ alárù. Nígbà tí mo dé ilé tí mo ṣí ìwé, mo rí i pé òótọ́ ni ó sọ. Àwọn alárù tí ń fi orí ru ẹrù pọ̀ jọjọ nínú ìpín kọkànlélọ́gọ́rin ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n kó lọ sí Íńdíà ní 1943, tí wọ́n sì wọ àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà. Òkè àti igbó ni gbogbo ibẹ̀, kò sí ọ̀nà. Ọwọ́ ni wọ́n fi la ojú ọ̀nà jíìpù tí ó tó máìlì 75. Lẹ́yìn ìyẹn, ọkọ̀ òfuurufú ni ó ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn, àwọn bàbá wa yóò sì gbé e karí: oúnjẹ, ọta, àti ẹni tí ó bá fara gbọgbẹ́. Mo ti fi ọdún mẹ́rìnlélógún kọ́ni ní ìtàn Ogun Àgbáyé Kejì, n kò dárúkọ alárù kan rí ní kíláàsì.

Mo bi Àlhájà léèrè ìdí tí bàbá kò fi sọ fún wa. Ó ní ó sọ fún ìyá tòun, ìyẹn sì sọ fún òun. Ó ní ọjọ́ kan, wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn, ẹrù wà lórí olúkúlùkù. Ẹni tí ó wà níwájú bàbá, ọmọ Ìbàrà ni, wọ́n jọ wọkọ̀ láti Abẹ́òkúta ni. Ó kàn ṣubú pẹ̀lú ẹrù lórí. Bàbá rò pé òkúta ni ó gbé e lẹ́sẹ̀, ó fẹ́ fà á dìde. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó gbọ́ ìró ìbọn. Ọ̀kan nínú àwọn ará Japan ni ó wà lórí igi níbì kan, kò sí ẹni tí ó rí i, kò sì sí ẹni tí ó lè gbórí sókè títí ilẹ̀ fi ṣú. Bàbá dùbúlẹ̀ ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ di alẹ́.

“Ìdí nìyẹn,” ni Àlhájà wí, “tí kò fi jẹ́ kí a ṣí fèrèsé yẹn.”

Mo wo fèrèsé náà. Wọ́n ti ṣí i báyìí, àwọn ọmọ àbúrò mi fi kọ́tìnnì aláwọ̀ ewé sí i, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ẹ wọlé. Láti orí ibùsùn bàbá, ènìyàn lè rí orí igi lẹ́yìn ilé kedere.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, mo jáde kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ ṣáájú Àlàásárì, mo wọkọ̀ lọ sí ọ̀nà Ọ̀dẹ̀dá. Mo ti to ọ̀rọ̀ tí n ó sọ, nítorí mo mọ̀ pé alágbẹ̀dẹ lè má fẹ́ dá owó mi padà, mo sì ti pinnu pé bí ó bá fún mi ní ìdajì, n ó gbà á. Àpò sìmẹ́ǹtì wà ní igun, ó ṣófo. Bàbá náà kò jẹ́ kí n pẹ́ kí ó tó fọwọ́ bọ abẹ́ àga rẹ̀, ó ka ₦30,000 mi fún mi láìdín kọ́bọ̀. Ó ní kí n má bínú, ẹlòmíràn ti rà á láàárọ̀ àná, ó sì san ju iye tí òun pè fún mi lọ.

Mo bi í bóyá àwọn onífíìmù ni wọ́n padà wá. Ó ní rárá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni, kò dúnàá-dúrà, ó ní kí òun ṣe é kí ó fọhùn kí òun tó gbé e. Òun sì ti ṣe é.

Owó náà wà lọ́wọ́ mi. Mo ní, “Bàbá, ṣé ẹ bi í ohun tí ó fẹ́ fi ṣe?”

Ó ti padà sí ìdí ẹwìrì rẹ̀. Ó ní, “Tíṣà, ẹ̀yin náà ńkọ́? Ṣé mo bi yín?”